Ìjàpá Ọdún 1969 Tó Forí Sọ Kọnkéré: Àkọsílẹ̀ Àtúnṣe Rẹ̀

Ọkọ̀ tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí ni Volkswagen Beetle tí wọ́n ṣe ní ọdún 1969, èyí tí àwa ń pè ní Ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí rúgúdú. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ ni ó sì ń tù ú, kì í ṣe omi. Táǹkì epo àti táyà àfirọ́pò ló wà níwájú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé ẹni tó bá fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ forí sọ nǹkan, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ló wà láàárín òun àti ohun tó kọlù. Epo bẹntiróòlù ni.

Òjò ń rọ̀ wẹ́liwẹ́li lọ́jọ́ náà, eré tí mo ń sá kò sì ju kìlómítà 50 ní wákàtí kan lọ. Ọkọ̀ tó wà níwájú mi dúró lójijì, mo tẹ búréèkì, ọkọ̀ mi sì ya sí apá òsì bí ẹran tí wọ́n fi okùn fà, ó lọ fi igun iwájú rẹ̀ rọ́ lu kọnkéré tí wọ́n fi ṣe ààlà ọ̀nà. Kò sí ẹlòmíràn tó fara pa. Fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń di ẹ̀bi ọ̀rọ̀ náà ru ẹni tó dúró lójijì, títí di ọjọ́ tí mo tú táyà ọ̀tún, tí mo sì rí ẹni tó jẹ̀bi gan-an. A óò débẹ̀.

Wákàtí àkọ́kọ́

Nígbà tí mo rí i pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mi ṣì ń gbọ́ tèmi, mo yí kọ́kọ́rọ́ pa, mo sì jáde. Òórùn bẹntiróòlù ti gba inú ọkọ̀ kan. Bátìrì Ìjàpá wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ní apá ọ̀tún, nítorí náà mo gbé tìmùtìmù ìjókòó náà kúrò, mo sì tú wáyà bátìrì kí n tó ṣe ohunkóhun mìíràn, torí pé wáyà iná iwájú tó ti já lè máa ta pàrà sára irin nígbà tí epo ń kán sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ibi tí epo náà ti ń kán ni rọ́bà kékeré tó so táǹkì mọ́ páìpù tó gba àárín ọkọ̀ lọ bá ẹ́ńjìnnì. Mo fi pùláyà fún un pa títí ó fi dá. Ẹnì kan nínú àwọn tó dúró wòran dábàá pé kí n ṣíná sí i wò bóyá yóò ṣì ṣiṣẹ́. Kò sí ohun tó ṣe ẹ́ńjìnnì tó wà lẹ́yìn, ó sì dá mi lójú pé ì bá ṣiṣẹ́, ewu ibẹ̀ gan-an sì nìyẹn.

Nígbà tí ọkọ̀ agbọ́kọ̀ dé, táyà iwájú ní apá òsì ti wọnú, kò sì lè yí mọ́. Àwọn tó wá gbé e fẹ́ fi ẹ̀wọ̀n kọ́ bọ́ńpà iwájú, kí wọ́n sì wọ́ ọ gòkè bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dáwọ́ dúró, nítorí pé bọ́ńpà kì í ṣe ibi tí a fi ń fa ọkọ̀ tó wọn nǹkan bíi 800 kìlógíráàmù, àti pé púpọ̀ nínú ìbàjẹ́ tí pánẹ́bítà máa ń bá pàdé, lẹ́yìn ìjàm̀bá ló wọlé. A fi ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣáájú, kí táyà ẹ̀yìn méjèèjì tó ṣì pé lè máa yí, a sì ki pákó tí a fi gíríìsì pa sábẹ́ táyà tó wọ́ kí ó lè máa yọ̀ gòkè. Ó gbà wá ní ìdajì wákàtí ju bí wọ́n ṣe fẹ́ lọ.

Lọ́jọ́ kejì ni ọrùn mi gan paali. Mo lọ rí dókítà, wọ́n sì ní kí n má ṣe gbé ohun tó wúwo fún ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí náà mo fi ọ̀sẹ̀ méjèèjì ya àwòrán gbogbo igun ọkọ̀ náà, mo ń kọ orúkọ sára àpò bóòtù, mo sì ń bá àwọn adójútòfò sọ̀rọ̀. Aṣojú wọn wo ọkọ̀ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sì kọ ọ́ pé kò ṣeé tún ṣe mọ́. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé owó àtúnṣe ju iye tó wà lórí ìwé lọ, kì í ṣe pé irin náà ti kú. Mo ní kí wọ́n yọ iye àlòkù rẹ̀ kúrò nínú owó mi, kí n sì mú ọkọ̀ mi lọ. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ àtijọ́ yẹ kó ti bá wọn fohùn ṣọ̀kan lórí iye rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ṣì pé, nítorí bí wọ́n bá fi ọjọ́ orí rẹ̀ ṣírò, owó táyà lásán ni wọn yóò kà fún un.

Wíwọ̀n

Ọ̀gá pánẹ́bítà tí mo bẹ̀ ti ń na irin láti ìgbà tí irú ọkọ̀ yìí ṣì jẹ́ tuntun. Nígbà tí wọ́n dé, mo ti mú òòlù dání.

"Gbé e sílẹ̀," ni wọ́n wí. "O ò tíì mọ ibi tó ń dùn ún, o ti fẹ́ máa lù ú."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, fẹ́ńdà nìkan ni mo ní kí n kọ́kọ́ nà."

"Fẹ́ńdà kọ́ ni ẹ̀ṣẹ́ náà dúró sí. Lọ mú téèpù wá."

Bóòtù ni wọ́n fi de fẹ́ńdà Ìjàpá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ara ọkọ̀, ẹni tó bá sì ní sípánà àti sùúrù lè tú u ní ìrọ̀lẹ́ kan. Ìdí nìyí tí ìbàjẹ́ rẹ̀ fi máa ń tan ènìyàn jẹ. Fẹ́ńdà tó ká jọ bí ìwé a máa dẹ́rù bani, síbẹ̀ a lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ohun tó lè pa ọkọ̀ náà ni ohun tí ojú kò rí, ìyẹn ṣáàṣí pẹlẹbẹ tí a de ìkarahun rẹ̀, ìyẹn ara òkè ọkọ̀, lé. Bí orí ṣáàṣí bá ti ṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò sí bí a ṣe lè kun ọkọ̀ náà tó tí kò ní máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí alákàn.

A ti ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, a sì fi jáàkì gbé e dọ́gba. Iwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ fi sáàárín táyà iwájú àti táyà ẹ̀yìn Ìjàpá ni mìlímítà 2,400. Ní apá ọ̀tún, a rí 2,398; ní apá òsì, 2,371. Táyà òsì ti sún sẹ́yìn fún mìlímítà 27 sí ti ọ̀tún, ó tó ìbú ìka méjì dáadáa. Mo wo ojú ọ̀gá, wọn ò wí nǹkan kan. Wọ́n so irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó mọ́ ìdí okùn, wọ́n fi í kọ́ sára àwọn ihò bóòtù tó wà lábẹ́ ṣáàṣí lọ́kọ̀ọ̀kan, ibi tí ẹnu irin náà bá sì tọ́ka sí lórí ilẹ̀, èmi a fi ẹfun sàmì sí i. Nígbà tí a ti ọkọ̀ kúrò, gbogbo ara ṣáàṣí náà ti wà lórí ilẹ̀ bí àwòrán. A wá na téèpù láti iwájú òsì dé ẹ̀yìn ọ̀tún, àti láti iwájú ọ̀tún dé ẹ̀yìn òsì. Bí méjèèjì bá dọ́gba, ṣáàṣí kò wọ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn jẹ́ mìlímítà méjì péré, èyí tí ọ̀gá gbà pé ó lè ti wà níbẹ̀ láti ilé-iṣẹ́.

Ohun tó jìyà náà ni ọ̀pá ìdábùú iwájú. Páìpù ńlá méjì tí a gbé léra wọn ni, apá táyà iwájú méjèèjì ń ti inú wọn jáde, bóòtù mẹ́rin sì ni a fi dè é mọ́ orí ṣáàṣí. Páìpù ìsàlẹ̀ ti tẹ̀ ní apá òsì, ó ti fi ara rẹ̀ rúbọ fún orí ṣáàṣí. Inú mi dùn púpọ̀ sí irin tó tẹ̀ yìí, mi ò sì rò pé ẹni tí kò tíì dúró ti téèpù nígbà tí wọ́n ń ka nọ́ńbà lè mọ irú ìdùnnú náà.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín nígbà náà, wọ́n ní Ìjàpá inú àlọ́ já láti òkè, ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́, wọ́n sì tò ó pọ̀ láìwọ̀n ọ́n, ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò fi dán títí dòní.

Rọ́bà búréèkì

Kí ọ̀pá ìdábùú tó lè bọ́, a ní láti tú búréèkì iwájú méjèèjì. Mo ní kí àbúrò mi tẹ pẹ́dà, èmi sì tú nọ́ọ̀tì kékeré tí a fi ń yọ afẹ́fẹ́ ní apá òsì. Ọ́ìlì ta jáde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ojú mi. Mo lọ sí apá ọ̀tún, mo ṣe bákan náà, ọ́ìlì náà sì kán ẹyọ kan, ó dúró, ó tún kán ẹyọ kan. Mo ní, "Tẹ̀ ẹ́ dáadáa." Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, pẹ́dà ti le, kò lọ mọ́."

Mo tú rọ́bà tó gbé ọ́ìlì lọ sí táyà ọ̀tún. Lóde, kò ní àbùkù kankan: kò sán, kò wú, kò jò. Mo fi ọ̀bẹ là á sí méjì ní gígùn. Inú rẹ̀ ti wú bí ọ̀nà ọ̀fun ẹni tí bèlúbèlú ń dà láàmú, ihò tó yẹ kí ó gba ìgbálẹ̀ kan dáadáa kò sì gba abẹ́rẹ́ tí àbúrò mi kì bọ̀ ọ́.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ gan-an nìyí. Nígbà tí mo tẹ búréèkì nínú òjò, ọ́ìlì dé táyà òsì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó sì dì í mú; ti ọ̀tún ṣì ń fún ara rẹ̀ gba inú ihò abẹ́rẹ́ náà kọjá. Táyà òsì dúró, ti ọ̀tún ń lọ, ọkọ̀ sì yí sí òsì. Ẹni tó wà níwájú mi kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé ọkọ̀ náà ti ń sọ fún mi láti bí oṣù méjì ṣáájú: ó máa ń fà díẹ̀ sí òsì bí mo bá tẹ búréèkì, mo sì ro pé táyà ni, mo pààrọ̀ ipò táyà ọ̀tún àti ti òsì, mo sì gbàgbé rẹ̀ nígbà tó dà bíi pé ó dín kù. Mi ò mọ ọjọ́ orí rọ́bà náà. Bí mo ṣe ra ọkọ̀ ni mo ṣe bá a, ojú tí mo fi wò ó lóde ló sì tó mi. Mo ti pààrọ̀ gbogbo rọ́bà búréèkì ọkọ̀ náà báyìí, àti ọ́ìlì rẹ̀, nítorí ọ́ìlì búréèkì a máa fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, ọdún méjì-méjì ni ó sì yẹ kí a máa dà á nù.

Nínà

Òfin kan wà tí mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni bá mi jiyàn lé: ohunkóhun tó bá ń darí táyà tàbí tó bá ń dì í mú, a kì í nà án, a kì í sì í fi iná sí i. Pípààrọ̀ ni. Nítorí náà, ọ̀pá ìdábùú mìíràn ni mo wá, pẹ̀lú apá òsì méjèèjì, bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì (oríkèé tó so apá mọ́ ìdí táyà), táì-rọ́ọ̀dù (ọ̀pá tí sítíárìn fi ń yí táyà) àti ṣọ̀kù (èyí tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ máa fò sókè sódò). Sípíríìnì ọkọ̀ yìí kì í ṣe wáyà tó lọ́, abẹ irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí a tò léra wọn ni, wọ́n sì wà nínú páìpù ọ̀pá ìdábùú náà. Ó yẹ kí a fi wáyà dì wọ́n pọ̀ kí a tó fà wọ́n jáde. Àbúrò mi fà á kí n tó dì í, ó sì tú ká sílẹ̀ gbàràgàdà. Ìrọ̀lẹ́ kan ló fi ń tò wọ́n padà, tó ń fi gíríìsì pa wọ́n níkọ̀ọ̀kan, kò sì dáhùn tí mo bá pè é.

Ìkarahun ni iṣẹ́ ńlá. Ihò tí bọ́nẹ́ẹ̀tì ń bò ti wọ́ débi pé ìyàtọ̀ ìwọ̀n igun sí igun rẹ̀ tó mìlímítà 18, àlàfo ilẹ̀kùn òsì sì ti fún lókè. A ti yọ táǹkì epo, a sì gbé e jìnnà, kí iná kankan tó sún mọ́ ọkọ̀. Ọ̀gá de ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n kọ́ ẹ̀wọ̀n mọ́ imú rẹ̀, wọ́n sì fi jáàkì elépo fà á ní òdìkejì ọ̀nà tí kọnkéré gbà tì í. Ìlànà wọn ni pé ibi tó bàjẹ́ kẹ́yìn ni a máa kọ́kọ́ tú, nítorí pé agbára tó wọlé láti imú rin lọ sẹ́yìn títí dé òpó ilẹ̀kùn. Bí a bá kọ́kọ́ na imú, a ti ti ilẹ̀kùn mọ́bẹ̀. Wọ́n á fà á díẹ̀, wọ́n á fi òòlù kan àyíká ibi tó ṣẹ́po nígbà tí ẹ̀wọ̀n ṣì fún, wọ́n á dẹ ẹ́, wọ́n á sì ní kí n wọ̀n ọ́n. Irin a máa rántí. Bí a bá fà á dé ibi tó yẹ tí a sì dẹ ẹ́, yóò padà sẹ́yìn, nítorí náà a ní láti fà á kọjá díẹ̀ kí ìpadàsẹ́yìn rẹ̀ lè gbé e dúró síbi tí a fẹ́. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta la fi ṣe é, ìyàtọ̀ mìlímítà 18 sì di méjì.

Èmi fúnra mi ni mo lu pánù tó wà nínú ihò táyà, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́ ohun tí òòlù ń sọ. Ibi tí irin ti ṣẹ́po máa ń le ju ibi tó tẹ́jú lọ, nítorí títẹ̀ ló mú un le. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ láti àárín kòtò, o kàn ń na irin náà gùn sí i ni. Etí rẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, kí o tú okùn tó dè é. Bí irin tí mo fi tì í lẹ́yìn bá wà lábẹ́ òòlù gan-an, ìró rẹ̀ máa ń mú, pánù sì ń gbòòrò. Bí ó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìró náà a wúwo, òkè a sì wálẹ̀ láìgbòòrò. Mo kọ́kọ́ gbọ́ ìró àkọ́kọ́ náà púpọ̀ jù, pánù sì wú bí ikùn ọmọ tó yó. Ọ̀gá fi iná jó ojú kan tó tó owó ẹyọ títí ó fi pọ́n, wọ́n fi òòlù kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì fi àkísà tútù tẹ̀ ẹ́, ó sì sún kì níṣojú mi.

Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Èmi ni mo ra bọ́nẹ́ẹ̀tì àlòkù tí a fẹ́ fi rọ́pò, mo sì rà á láìwọ̀n ọ́n, lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ti rí. Ó gùn jù. Láti ọ̀wọ́ ọdún 1968 ni wọ́n ti gé bọ́nẹ́ẹ̀tì Ìjàpá kúrú, nígbà tí wọ́n gbé bọ́ńpà rẹ̀ sókè tí wọ́n sì jẹ́ kí pánù imú rẹ̀ ga sí i. Ti ayé àtijọ́ ni wọ́n tà fún mi. Mo dá a padà, mo sì mú téèpù lọ lẹ́ẹ̀kejì.

A kò jó pánù imú tuntun pọ̀ mọ́ ara ọkọ̀ títí a fi fi bọ́nẹ́ẹ̀tì àti fẹ́ńdà méjèèjì dán an wò, nítorí pé ohun tí a bá ti jó kò ṣeé bẹ̀. A kàn jó o ní ojú kan níhìn-ín, ojú kan lọ́hùn-ún, kí ooru má baà lọ́ ọ, a tún ti bọ́nẹ́ẹ̀tì wò, kí a tó parí rẹ̀.

Nípa kíkùn, mi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bọ́dì-fílà, ìyẹn ohun tí a fi ń dí kòtò ojú irin kí a tó kùn ún, kò ju mìlímítà mẹ́ta lọ níbikíbi, mo sì jẹ́ kí ọ̀gá fi òòlù dín in kù níbi tó bá fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn àpótí dáṣíbọ́ọ̀dù ni mo ti mú àwọ̀ tí oòrùn kò tíì bà jẹ́, ṣùgbọ́n àwọ̀ náà mọ́ ju ara ọkọ̀ yòókù lọ, a sì ní láti fẹ́ ẹ tín-ín-rín gba ojú ilẹ̀kùn kọjá kí ojú má baà mọ ibi tí tuntun ti pàdé ògbólógbòó. Mo tún pààrọ̀ bẹ́líìtì ìjókòó mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò já, nítorí bẹ́líìtì tó ti dì ènìyàn mú nínú ìjàm̀bá kan ti na ara rẹ̀ tán.

Pípadà sójú ọ̀nà

A tún ojú táyà ṣe: ìdajì dígírì ni ìtẹ̀sóde táyà iwájú lókè, iwájú wọn sì fi mìlímítà mẹ́ta sún mọ́ra ju ẹ̀yìn wọn lọ. Iwọ̀n láàárín táyà wá jẹ́ 2,398 ní ọ̀tún àti 2,397 ní òsì.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wà á, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo rìn ní kìlómítà 20, lẹ́yìn náà 30, mo sì ń tẹ búréèkì lórí ilẹ̀ gbígbẹ tí kò sí ènìyàn, pẹ̀lú ìka méjì péré lórí sítíárìn. Ní ìgbà kẹrin mo fi ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ díẹ̀, ó sì dúró gbọnrangandan. Lẹ́yìn 200 kìlómítà, mo tún gbogbo bóòtù ọ̀pá ìdábùú fún lẹ́ẹ̀kan sí i. Méjì nínú wọn gba ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí. Atẹ́gùn ṣì ń súfèé gba igun òkè ilẹ̀kùn òsì wọlé bí mo bá kọjá kìlómítà 70, ọ̀gá sì sọ pé rọ́bà ilẹ̀kùn ni. Mo ti wọn àlàfo náà: ó fi mìlímítà kan ààbọ̀ fún ju ti ọ̀tún lọ. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni a óò tú ìkọ́ ilẹ̀kùn náà.